Ọ̀rọ̀ tí Mo Yọ Kúrò ní Gbàgede

Kí n tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ táìpù ni mo mọ̀. Mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, ìyá mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní táìpù lẹ́bàá Oníkàn. Ìka mi yá ju ẹnu mi lọ. Nígbà tí ọ̀gá mi ta àwọn ẹ̀rọ táìpù rẹ̀, tó ra kọ̀ǹpútà, tó sì kọ "káfè" sára ilẹ̀kùn onígíláàsì, èmi ló fi síbẹ̀. Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ kúrò lórí àlééfà ni. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn lókè òkun. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ ọ́, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn míì máa ń pariwo, bí ẹni pé ọmọ náà ń gbọ́ wọn láti inú ẹ̀rọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò tiwa níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún wọn níbẹ̀. Ọmọ yìí ló dá ibì kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ọmọ àdúgbò wa, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi, lè wá kọ ọ̀rọ̀ sí, kí ẹlòmíràn kà á, kó sì fèsì. Ó fún un lórúkọ òyìnbó kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi pè é. Gbàgede là ń pè é, torí pé bí gbàgede ilé wa ló rí: ẹni tó bá ti wọlé lè jókòó kó dá sí ọ̀rọ̀ tó bá níbẹ̀.

Ẹnì kan á kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé ṣé obìnrin tó ń din ẹja ní ìkóríta wa ṣì wà. Ẹlòmíràn á dáhùn pé ó wà, pé gbèsè ẹja tó jẹ ẹ́ ni kó wá san. Báyìí ni wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ẹnì kan á sọ pé àwọn bàbá òun ló kọ́kọ́ tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó dó, wọ́n á bi í léèrè pé kí ni àwọn bàbá rẹ̀ rí jẹ ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á máa bú bàbá ara wọn.

Nítorí èyí ni ọmọ ìyá yẹn ṣe kọ̀wé sí mi. Ó ní bí òun bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, gbàgede á ti bàjẹ́ tán. Ó ní èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo mọ èyí tó jẹ́ àwàdà àti èyí tó jẹ́ èébú. Ó fún mi ní páásíwọ̀ọ̀dù tí mo lè fi yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kúrò. Ìtọ́sọ́nà tó fún mi kò gùn. Ó ní, "Gbàgede mi ni, èmi ni mò ń sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dá a sílẹ̀ láti pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Èébú, èpè, ìhàlẹ̀, yọ wọ́n. Èyí tó bá kù, fi sílẹ̀, ì báà dùn mọ́ ẹ, ì báà má dùn mọ́ ẹ."

Ó dùn mọ́ mi nínú. Èmi tí mo jókòó sí Oníkàn, tí mi ò ka ìwé dé ibì kan, lọ́yà wà ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lè dúró bí mi ò bá fẹ́. Nígbà míì tí mo bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, á kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?" Ó ń pè mí ní sà. Ìyá mi ń rán mi lọ ra kẹrosíìnì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníbọ́tìnnì wọ káfè. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ló ń tà ní Balógun. Ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ibẹ̀ ló padà sí, inú yàrá tí ìyá rẹ̀ lò títí ó fi kú, ní apá ẹ̀yìn ilé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní ilé ọkọ ní Ìlọrin. Kò ní ibòmíì.

Ó jókòó tì mí. Ó wá ní òun gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé àwọn tó wà lẹ́yìn odi máa ń ka nǹkan kan tí mò ń tọ́jú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ ta ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí. Àlàájì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Oníṣòwò kan láti Ìdúmọ̀tà fẹ́ ra ilé náà kó wó o, kó fi kọ́ ibi tí yóò máa kó ọjà sí. Kò sẹ́ni tó pe Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó. Ẹnu obìnrin tó ń ta omi ló ti gbọ́ ọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní ara ògiri yẹn ni ẹ̀gbọ́n òun ń gbà lọ kírun, ṣé kí gbogbo àdúgbò máa kà á sí i létí ni? Ó ní ti kọ̀ǹpútà yìí, àárín ọmọ ilé ni yóò wà.

Ó sọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kí àwọn ọmọ náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n àwọn fẹ́ ta ilé, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó ní ilé bàbá àwọn kì í ṣe títà; bí wọ́n bá gbà kó tà á, kí wọ́n sọ, bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n sọ. Ó ní kí n fi kún un pé olè ni ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, "Màmá, èébú nìyẹn, mi ò lè jẹ́ kó dúró."

"Yọ olè. Fi aláìmẹ̀tọ́ sí i."

"Màmá."

"Ṣé kò mẹ̀tọ́ ni àbí ó mẹ̀tọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi aláìmẹ̀tọ́ sílẹ̀. Lójú mi, kò tó èébú. Mo ti rí èyí tó burú jù ú lọ láàárín àwọn tó ń wọ táì.

Kí n tó ti káfè lọ́jọ́ kejì, èsì ti wà níbẹ̀. Ọmọ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé bí kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé ṣé òótọ́ ni, pé òun rò pé ilé yẹn ti wó tipẹ́. Òmíràn ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n gbọ́ ti Àlàájì.

Àlàájì gan-an ni ẹni tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ohun tí oníbàárà kankan kì í ṣe, ó wọlé, ó kí mi ní salamaleekun. Mo dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín tábìlì méjì, torí pé kò sí àyè. Nígbà tí bàbá mi kú, Àlàájì yìí ló wẹ òkú rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kéwú jẹ́jẹ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n má rántí.

Ó jókòó sórí àga oníke. Kò pariwo. Ó ní ọmọ òun kan ló pe òun lórí fóònù láti òkè òkun, tó ní òun rí i tí wọ́n ń bú bàbá òun níwájú gbogbo ayé, pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì ń tọ́jú ibẹ̀. Ó ní òun béèrè, wọ́n dárúkọ mi fún òun, òun ní kò lè jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ òun.

"Ṣé aláìmẹ̀tọ́ kì í ṣe èébú níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń bi ọ́ ni."

Bí ó bá pariwo ni, bóyá ǹ bá ti rántí ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fún mi. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ni mi ò lè dúró níwájú rẹ̀. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè rí i, mo yọ ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnnì. Àwọn èsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Àlàájì súre fún mi, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Mo sọ fún ara mi pé òfin ni mo tẹ̀ lé, èébú ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn kí n tó jẹ́ kó dúró, n kò sì pè é ní èébú títí ẹni tí mò ń bẹ̀rù fi pè é bẹ́ẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ẹnì kan bá fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilé pé kì í ṣe títà, àní ẹni tó fẹ́ tà á gan-an kì í fọwọ́ pa á rẹ́, torí àwọn aládùúgbò ń wò ó. Ti ojú kọ̀ǹpútà kò ní aládùúgbò. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, ìka mi sì yá.

Nígbà tí Ìyá Oníbọ́tìnnì padà wá láti gbọ́ èsì, mo ní bóyá ẹ̀rọ ló gbé e mì. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Ẹ̀rọ yìí mọ èyí tí yóò gbé mì," ó ní.

Ó gbé báàgì bọ́tìnnì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi dé. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé yàrá wa. Wọ́n na okùn láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ìyá náà, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ orí ba, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó ń gbálẹ̀ lọ.

Mo kọ̀wé sí ọmọ tó ni gbàgede. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi aláìmẹ̀tọ́ bojú. Mo rò pé á bú mi. Ó kàn bi mí pé ta ló ni gbàgede, òun tàbí Àlàájì. Ó ní kí n dá ọ̀rọ̀ ìyá náà padà. Mo ní bí a bá ti yọ ọ́, kì í padà. Ó ní kí n lọ bá a nígbà náà, kó tún un sọ.

Lílọ yẹn le ju bí mo ṣe rò. Mo lọ sí Balógun ní àárọ̀. Wọ́n kó síìpù kọ́ sórí rẹ̀ lókè bí ewé, aránṣọ kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń wá bọ́tìnnì tó bá ti ara aṣọ mu. Mo dúró títí aránṣọ fi lọ. Mo wá sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀rọ, èmi ni, Àlàájì wá bá mi lórí aláìmẹ̀tọ́ yẹn ni mo fi yọ ọ́.

Ó ń ṣa bọ́tìnnì tó kù sórí àtẹ padà sínú agolo. Ó ṣà á tán kó tó dáhùn.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó o bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀rù rẹ̀ ló bà ọ́, mi ò ní bá ọ jà. Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ́dọ̀ rẹ."

Mo ní kó máa bú mi. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi èébú ṣe. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ní ó dun òun. O ò lè yọ ọ̀rọ̀ kan, kí o fi ìyókù sílẹ̀?"

Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn, odidi ló ń yọ.

"Bí wọ́n ṣe ṣe ilé yẹn náà nìyẹn," ó ní. "Wọn ò lè ta ìdajì."

Níbẹ̀ ló ti tún un sọ, mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí síìpù. Kò sí aláìmẹ̀tọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ó fi kún un pé wọ́n ti so okùn mọ́ ilẹ̀kùn òun. Mo padà sí Oníkàn, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo yọ ti àkọ́kọ́, pé kò yẹ kí n yọ ọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, inú ẹbí náà dàrú. Àwọn tí kò kọ̀wé rí kọ̀wé. Wọ́n ń pe Ìsàlẹ̀ Èkó lórí fóònù, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pè. Mo mọ̀ pé Àlàájì á padà wá, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ó wá. Ó bọ́ bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n yọ ọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, mi ò lè yọ ọ́. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ sọ tiyín, mo máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an."

Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú. Mo rò pé á dìde lọ.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe olè. Ó ní àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń sọ pé ilé bàbá àwọn, ta ló ti fi páànù kan ránṣẹ́ nínú wọn? Ó ní ní òjò èṣí, ògiri yàrá kan wó lálẹ́, ẹní ọmọ-ọmọ òun ló wó lé lórí, Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà ti lọ tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí òjò bá ti ṣú, òun kì í sùn. Ó ní òun rò pé kí òun ta ilé kí ènìyàn tó kú sínú rẹ̀, kí òun pín owó fún gbogbo wọn. Ó ní òun ò pe arábìnrin òun jókòó nítorí pé òun mọ ohun tí yóò sọ, òun ò sì ní èsì tí òun máa fún un. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mi ò gbé orí sókè. Ó ní kí n kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun tó ń tọ́jú gbàgede kọ̀ láti gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Mo tẹ ìyẹn náà.

Ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nìyẹn, ọ̀rọ̀ àbúrò lókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lábẹ́, ìdílé kan sì ń jà láàárín méjèèjì. Nínú wọn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ò mọ̀ nípa ògiri. Ọmọ Àlàájì kan ní tirẹ̀ ń kọ̀wé sí ẹni tó ni gbàgede pé òun á gbé e lọ sí kóòtù. Oníṣòwò Ìdúmọ̀tà gbọ́ pé wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ilé náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba owó tó ti san sílẹ̀ padà, ó ní òun ò ra ẹjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, gbàgede kò ṣí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ín kọ̀wé pé kí n má bínú, ìwé lọ́yà ti dé ilé òun, ìyàwó òun ń sunkún, owó tí òun fi ń gbé e dúró, àpò òun ló ti ń jáde. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a jà. Òun ló ni ín. Gbogbo ohun tí a kọ, èébú, àwàdà, ẹja dídín, ti Àlàájì àti ti Ìyá Oníbọ́tìnnì, ó bá a lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo yọ tí mo ṣì ń rò.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ òkè òkun fi nǹkan ránṣẹ́, kò pọ̀. Ó tó páànù, kò tó ògiri. Àlàájì pe káfíńtà. Mo lọ bá wọn di àkàbà mú lẹ́yìn ilé, níbi yàrá ìyá náà.

Àlàájì dúró sísàlẹ̀, ó ń nàka. Ó ní kí n di àkàbà mú dáadáa, kí n má ṣe bí mo ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Ìyá Oníbọ́tìnnì dáhùn láti inú yàrá pé ta ni àgbà, ẹni tó fẹ́ ta ilé mọ́ àbúrò rẹ̀ lórí. Àlàájì ní kó dákẹ́ kó wo òkè. Káfíńtà kan ìṣó tó kù, ó ní kí wọ́n gbé omi wá kí àwọn dán an wò. A gbé korobá kan gòkè sí i, ó dà á sórí páànù, omi náà sì ṣàn wá sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ wa.

Àlàájì ké sí inú yàrá pé ṣé kò jò mọ́.

"Ó ṣì ń jò," ni Ìyá Oníbọ́tìnnì dáhùn. "Ní igun, níbi tí bẹ́ẹ̀dì mi wà."

Káfíńtà ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àlàájì ní kó jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé sọ ohun tó rí. A gbé àkàbà lọ sí ìhà kejì.